Àlejò Tí Kì í Kan Ilẹ̀kùn

    Ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, ara mi ni mo sì fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ.

Ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá, mo wà ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Ìmọ́ta àti Ìtóìkín, nítorí lẹ́bàá ọ̀nà náà ni ìletò tí mo ń gbé wà. Ẹni tó bá mọ Gáréèjì Ìkòròdú mọ̀ pé ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ń pe èrò Kétu ń ké lápá kan, àwọn tó ń pe èrò Ṣágámù ń ké lápá kejì, àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti omi tútù sì ń gba àárín wọn kọjá. Mo jókòó sẹ́yìn awakọ̀, mo gbé àpò mi lé itan, mo ń fa tẹ̀sùbáà mi jẹ́jẹ́. Ìyá kan wọlé, ó ti àpò ìdọ̀họ kan sábẹ́ ìjókòó, ó sì jókòó tì mí.

Ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan nígbà tí ohun kan nà mí ní ọrùn ẹsẹ̀. Ó tutù, ó sì ń yọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ ìgbà tí mo fò sókè. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí mo wọ agbádá, tí mo sì wé láwàní, ojú fèrèsé ni mo fẹ́ gbà jáde. Mo ń ké pé, "Ejò! Ejò!" Bí ẹyẹ ẹ̀gà ti í tú lórí igi nígbà tí a bá sọ òkò sí i, bẹ́ẹ̀ ni èrò tú jáde nínú ọkọ̀ náà. Awakọ̀ pàápàá sá sílẹ̀.

Ìyá yẹn nìkan ni kò dìde. Ó ki ọwọ́ sínú àpò rẹ̀, ó fa ẹja àrọ̀ kan jáde tó tóbi tó apá ọmọdé, ẹja náà sì ń jà pàtìpàtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Àlùfáà. Odógunyàn ni mo ti rà wọ́n, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja. A ní ìnáwó lọ́la ni." Àrọ̀ a máa mí afẹ́fẹ́ òkè bí àwa ènìyàn, bí ara rẹ̀ bá ṣáà ti tutù, ó lè pẹ́ nínú àpò kí ó tó kú. Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan ní, "Ládánì tó ń jí gbogbo ayé fún ìrun, ẹja àrọ̀ ló lé e!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agboòrùn nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ ọ̀nà wa ti ń gbé èrò. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn, nítorí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àlùfáà mi." Ìkíni yẹn dùn mí ju ẹ̀rín gbogbo gáréèjì lọ. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní ọdún 2009, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ládánì ní mọ́sálásí ìletò wa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyókù ẹ̀kọ́ mi, ilé kéú ni mo ti gbà á. Àwọn ará ìletò a máa wá gba hàntú lọ́dọ̀ mi bí orí bá ń fọ́ wọn tàbí bí inú bá ń run ọmọ wọn, èmi náà a sì máa kọ ọ́ fún wọn. Inú mi a máa dùn pé a kà mí kún. Kí ọdún náà tó dé, ènìyàn méjì tí ejò bù ṣán ti mu hàntú lọ́wọ́ mi, àwọn méjèèjì sì dìde, wọ́n lọ sóko ní ọjọ́ kejì. Òkìkí mi kàn. Mo rò pé mo ti mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò òjò, aládùúgbò wa kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ náà lọ yẹ pàkúté wò létí oko ẹ̀gẹ́ ni paramọ́lẹ̀ bù ú ṣán ní ẹsẹ̀. Wọ́n ti fi okùn dì í nísàlẹ̀ orúnkún, okùn náà sì le débi pé ó wọ ẹran. Bàbá rẹ̀ bi mí pé, "Àlùfáà, ṣé kí a máa gbé e lọ sí Ìkòròdú ni, àbí ẹ ó ràn wá lọ́wọ́?"

Ẹ fetí sí ìbéèrè yẹn dáadáa. Ó bi mí ni. Bí mo bá ní kí wọ́n máa lọ, wọn ìbá lọ. Mo ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo mú wàláà, mo fi tàdáà kọ ọ́, mo fọ̀ ọ́ sínú igbá, mo fún un mu. Ẹlòmíràn fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ yí ojú ibẹ̀ ká, wọ́n sì gbé òkúta dúdú lé e. Ọmọ náà sunkún títí di ìgbà tí mo lọ pe ìrun àyìlà. Nígbà tí mo padà dé, ó ti dákẹ́, a sì ń yọ̀ pé ó ti ń san. Kò san rárá. Agbára ló tán nínú rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi tó alásárì, ojú rẹ̀ ti yípadà, ìgbà náà ni a tó wá ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n tú okùn náà ní ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ láti ibi okùn dé ilẹ̀ ti dúdú. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó bá mi wí, èyí ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ọmọ wá sílé mi, ó gbé àdìyẹ kan wá, ó dúpẹ́ pé àdúrà mi ni kò jẹ́ kí ọmọ òun kú. Mo gba àdìyẹ, mo sì gba ọpẹ́.

Nígbà tí mo lọ kí ọmọ náà lórí ibùsùn, nọ́ọ̀sì kan tó ń pààrọ̀ aṣọ ojú egbò rẹ̀ sọ fún mi pé oró ejò ti ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn tí a dì àti wákàtí tí a fi jókòó ló parí iṣẹ́ náà. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bi í ní ohun tí ó yẹ kí a ti ṣe, ó sì kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo há a sórí bí ìgbà tí mo ń há kéú.

Ọdún gorí ọdún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn náà wá sílé tèmi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ni mo gbọ́ igbe Ìyá Ìbejì láti ẹ̀yìnkùlé. Kẹ́hìndé, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, ló lọ mú igi ìdáná wá fún ìyá mi. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, kò mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ òkìtì igi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi ti já gèlè rẹ̀, ó ti fi di ọwọ́ ọmọ náà lókè ọrùn ọwọ́. Aládùúgbò kan ti mú abẹ tuntun wá. Bàbá àgbà kan rí mi, ó ní, "Alhamdulilaahi, Àlùfáà dé. Ẹ lọ gbé wàláà wá fún un."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni mo rí lójú mi.

Mo ní, "Ẹ gba abẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀." Mo tú gèlè náà, nítorí kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n dì í. Ìyá mi figbe ta pé, "Oró á gun òkè o! Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ Kẹ́hìndé kúrò kí ọwọ́ tó wú mọ́ ọn. Wọ́n gbé wàláà dé, wàláà tí a ti fọ̀, tí kò sí ìkọ̀wé kankan lójú rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ọwọ́ ọmọ náà láti ìka títí dé ìgbọ̀nwọ́, mo tú láwàní mi, mo sì fi wé ọwọ́ mọ́ wàláà láìfún un le, kí ọwọ́ náà má baà mì. Àwọn àgbà ń kùn. Bàbá àgbà yẹn bi mí pé irú èwo nìyí. N kò dá a lóhùn.

Ọlọ́kadà gbé wa dé ojú títì, ọkọ̀ akérò gbé wa dé Gáréèjì Ìkòròdú. Lójú ọ̀nà, Kẹ́hìndé bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé n ó kú ni?" Mo ní, "A ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n." Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta káàdì ìpè rí wa. Ó wo ojú ọmọ, ó wo wàláà, kò sì béèrè nǹkan kan. Ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dábùú títì, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, ó ń pariwo pé, "Ẹ yà lọ́nà! Ejò ló bu ọmọ ṣán! Ẹ yà!" Agbèrò mẹ́ta ló bá a la ọ̀nà fún wa. Ohun tí n kò ṣe fún un ní 2009 ló ṣe fún ọmọ mi yẹn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, ó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìmì í. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dì láàárín àkókò náà, oró ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Wúwú náà ti kọjá ọrùn ọwọ́, ó ń lọ sí ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fa oògùn tó ń pa oró ejò sí i lára díẹ̀díẹ̀ láti inú omi tí ń kán. A lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré. Mo ta ewúrẹ́ méjì. Lónìí, ìka kan ṣì le díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ló fi ń kọ wàláà rẹ̀, ó sì ń bínú bí mo bá ní ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí dókítà náà là yé mi, nítorí òun ló tú mi ní àṣírí òkìkí mi. Mo bi í pé, "Àwọn ènìyàn méjì tí wọ́n mu hàntú tí wọ́n sì dìde ńkọ́?" Ó ní kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ejò bá bù ṣán ló ń tu oró sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdọọdún, ejò a máa bu nǹkan bí mílíọ̀nù 5.4 ènìyàn ṣán káàkiri ayé. Láàárín wọn, mílíọ̀nù 1.8 sí mílíọ̀nù 2.7 ni oró wọ̀ lára. Ìyókù bọ́. Ẹni tó bọ́ yìí, bí ó bá mu hàntú, hàntú ló gba ọpẹ́. Bí a bá gbé òkúta dúdú lé e, òkúta dúdú ló gba ọpẹ́. Bí ó bá mu epo pupa, epo pupa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí oró wọ̀ lára, gbogbo wọn ni yóò já a kulẹ̀. Ẹni 81,000 sí 138,000 ló ń kú lọ́dún, àwọn tó ń pàdánù ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́, tàbí tí wọ́n ń ní àbùkù ara mìíràn títí ayé, sì tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ àti ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2017 ni Àjọ náà kọ oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti patì.

Oògùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láti nǹkan bí 1895 ni Albert Calmette, dókítà ará Faransé, ti ń ṣe é. Wọn a máa fún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró ejò ní ìwọ̀n kékeré kékeré, títí ara ẹran náà yóò fi mọ bí a ti ń bá oró jà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá ń fi ṣe oògùn. Èyí tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ejò ilẹ̀ Nàìjíríà wà pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀kan, ilẹ̀ Wales ni wọ́n ti ń ṣe èkejì.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o. Mo gbàdúrà láti ẹ̀yìnkùlé mi títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ànábì wa, kí ikẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ló kọ́ wa pé kí á wá ìwòsàn, kí á sì so ràkúnmí mọ́lẹ̀ kí á tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ti ń lọ. Ẹ má jókòó sílé nítorí àdúrà.

Nítorí náà, ẹ ka èyí sétí àwọn ará ilé yín, kí àwọn ọmọ sì há a sórí:

Èkíní, ẹ fi ejò sílẹ̀. Ẹ má lé e, ẹ má gbé òkú rẹ̀ lọ fún dókítà. Ẹni tó ń lé ejò lè di ẹni kejì tí yóò bù ṣán. Bí ẹ bá rí àwọ̀ rẹ̀, ẹ rántí rẹ̀, ó tó.

Èkejì, ẹ fi ọkàn ẹni náà balẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó sáré. Ẹ gbé e.

Ẹ̀kẹta, ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà, bàtà àti aṣọ tó fún un kí ibẹ̀ tó wú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi pákó tàbí igi títọ́ sábẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí eegun rẹ̀ kán, kí ó má baà mì.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fi okùn dì í pa, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fún un ní ọtí. Bí ẹlòmíràn bá ti dì í tí ó sì ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí dókítà tú u fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, bí ó bá ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ejò tí í tutọ́ oró sójú ènìyàn ni, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ fọ ojú náà fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì lọ.

Èkeje, ẹ máa lọ ní kíá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi fóònù béèrè ibi tí oògùn wà bí ẹ ti ń lọ, kí ẹ má baà lọ síbi tí kò sí.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni ejò ń wá nílé wa? Èmi náà bi ara mi. Ẹni tó bá mọ apá ibí yìí ní ogún ọdún sẹ́yìn mọ̀ pé igbó ni a ń là kọjá kí a tó dé Ìmọ́ta. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 535,619 sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú, ẹ sì mọ bí ilé ti pọ̀ tó láti ìgbà náà. Katakata ti wó igbó, wọ́n ti pín in fún ìkọ́lé. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ti wà ní Ìmọ́ta láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ìdàgbàsókè dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹranko tí a wó ilé rẹ̀ kò ní Kétu tí yóò wọkọ̀ lọ. Àwa náà ni yóò wá bá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹyìn lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, awọ́nríwọ́n sì ń jẹ ẹyin adìyẹ Ìyá Ìbejì títí tí mo fi gbé ilé adìyẹ gun òkè tí mo sì fi wáyà yí i ká. Ejò ń bọ̀ nítorí eku, eku sì ń bọ̀ nítorí oúnjẹ tí a dà sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ó tún jẹ́ ẹ̀bi mi. Òwìwí méjì ń gbé lókè àjà mọ́sálásí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ ní ẹyẹ àjẹ́ ni wọ́n, wọ́n wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ mi láti pa wọ́n. Mo ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ti fẹ́. Wọ́n pa ọ̀kan, èkejì fò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òwìwí ń jẹ eku mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóru kan ṣoṣo. Ó ń gbé wọn mì lódidi, ó sì ń pọ eegun àti irun wọn jáde. Òkìtì eegun eku tí mo máa ń gbá lẹ́yìn mọ́sálásí, tí mo rò pé ẹrù àjẹ́ ni, oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ni. Kí òjò ọdún náà tó dé, eku ti kún ibi tí a ń kó àgbàdo sí, ibẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì igi ìdáná. N kò lè búra pé nítorí òwìwí tí a pa ni ejò ṣe wá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a pa olùṣọ́ wa, a sì sùn. Eku kan náà yìí wà tí í tan ibà Lassa, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Bọ̀rọ̀nú ní 1969. Ẹni tó bá pa òwìwí, eku ló ṣe lóore.

Nísinsin yìí òwìwí mìíràn ti wá sókè àjà. Ọmọdé kan mú òkò lọ́jọ́ kan, bàbá àgbà tó kùn sí mi nítorí wàláà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A gbé òkìtì igi jìnnà sí ilé ìdáná, a gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù. A kó àgbàdo sínú àgbá tí ó ní ìdérí. A ro ẹ̀yìnkùlé yí ilé ká, a dí ihò ara ògiri. Kò sí ẹni tí ń jáde lálẹ́ láìsí tọ́ọ̀ṣì àti bàtà, a kì í sì í ki ọwọ́ síbi tí ojú kò rí. Àwọn ọmọ ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí a tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Ó ń lé ẹ̀fọn, ó sì ń dí ejò lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Gáréèjì Ìkòròdú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ní ọjọ́ Àlàmísì yẹn, àwọn èrò padà sínú ọkọ̀. Èmi kò wọlé. Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, mo sì sọ fún un pé bàbá rẹ̀ bi mí ní 2009 bóyá kí àwọn gbé e lọ, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́.

Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní, "Mo ti mọ̀, Àlùfáà. Bàbá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Ẹ̀bi àwọn ni wọ́n pè é, wọ́n ní àwọn ò bá má ti béèrè." Ó to káàdì rẹ̀ dáadáa, ó tún ní, "Mo bínú sí i yín fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ tí mo rí ọmọ yín pẹ̀lú wàláà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìbínú náà rọ̀. Kò tán o, ó rọ̀. Ẹ máa ń kọ nǹkan sínú ìwé, àbí? Ẹ kọ èyí."

Mo ra káàdì igba náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba owó rẹ̀, ó sì fún mi ní ṣéńjì mi pé.

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin àlùfáà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin tí àwọn ènìyàn ń gbé ọmọ wá bá ní òru, bí wọ́n bá bi yín pé ṣé kí àwọn máa gbé e lọ, ẹ tètè dá wọn lóhùn pé kí wọ́n máa lọ. Ẹ bá wọn dé ibẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é.

Ọkọ̀ mi ti lọ pẹ̀lú àwọn àrọ̀ ìyá yẹn; òmíràn ni mo wọ̀ délé. Kí n tó jókòó, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ìjókòó dáadáa.